Àbá Tí Ó Gorí Oyè: Ìrònú Onímọ̀ Nídìí Wíwá Ohun Àlùmọ́ọ́nì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jíròrò lé lórí ní ìrọ̀lẹ́ òní lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ wúrà, bàbà àti epo rọ̀bì tí ó wà nínú ilẹ̀? Ìdáhùn mi kò gùn. Kí ẹ̀rọ kankan tó kan ilẹ̀, ènìyàn kan ti ní láti jókòó, kí ó ronú, kí ó sì sọ pé, "Ibí yìí ni kí ẹ gbẹ́." Ohun tí ó fi ń ronú náà ni àwọn baba wa ń pè ní àbá.

Yorùbá ní òwe méjì nípa àbá. Èkínní ni pé, "Àbá níí di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ kí á dá a." Èkejì ni pé, "Àbá ni ikán ń dá. Ikán kò lè mu òkúta." Òwe kìíní ń gbé àbá ga: ẹni tí kò bá dábàá kò ní rí ohunkóhun. Òwe kejì ń kìlọ̀ fún wa: ikán lè dábàá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òkúta yóò máa jẹ́ òkúta. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni iṣẹ́ ẹni tí ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì wà. Mo fẹ́ fi hàn yín lónìí pé bí onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ronú lè mú un dé ibi ọrọ̀, ó sì lè mú un kọjá lórí ọrọ̀ láìmọ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wò wá bi ara yín léèrè bóyá irú ọ̀ràn yìí kò sí nínú kíláàsì tiyín.

Ilẹ̀ Kì Í Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Nígbà tí ọdẹ bá wọ igbó, kì í fojú kan ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ipasẹ̀ ni ó ń rí: ewé tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, imí tí kò tíì gbẹ, èèpo igi tí ìwo ti ha. Láti ara nǹkan wọ̀nyí ni ó ti ń mọ irú ẹran tí ó kọjá àti ọ̀nà tí ó gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti onímọ̀ ilẹ̀. Ó ń wo àwọ̀ òkúta tí ó yọ sókè. Ó ń bu erùpẹ̀ odò lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ó ń fi ẹ̀rọ wọn bí agbára òòfà ṣe pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ó ń mú kí ilẹ̀ mì tìtì, kí ó lè gba gbohùngbohùn tí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Gbogbo rẹ̀, ipasẹ̀ ni. Ohun tí ó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni kí á fi ẹ̀rọ lu ihò wọ inú ilẹ̀, kí á fa òkúta ibẹ̀ jáde, kí á sì fi ojú rí i.

Ihò náà kò fẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnu rẹ̀ kò ju ẹnu ife omi lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jìn ju 300 mítà lọ. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹní tí a tẹ́ kárí àgbàlá, tí ó sì fẹ́ ti ibi ihò abẹ́rẹ́ náà mọ gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ẹní. Owó ńlá ni ihò kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ní ilẹ̀ tiwa, ohun tí ó lè bàjẹ́ ju owó lọ. Láti ọdún 2021 ni a ti ń yọ wúrà ní ibùdó ìwakùsà Segilola ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì tún ń fi ọkọ́ àti ìgbákọ̀ wá tiwọn káàkiri agbègbè náà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí a gbẹ́ tí kì í ṣe ilẹ̀ ẹnìkan. Àbá tí kò tọ́ lè pa oko kòkó tí baba ẹnìkan gbìn run, kí ó má sì mú nǹkan kan wá fún ẹnikẹ́ni.

Àkísà Àgbà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yìí ni ìrírí. Onímọ̀ tí ó ti lo 20 ọdún nídìí iṣẹ́ yìí lè gbé òkúta kan lọ́wọ́, kí ó ta omi sí i lára, kí ó yí i sí oòrùn, kí ó sì sọ irú ilẹ̀ tí ó ti wá. Bí a bá bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀, ó lè má rí àlàyé kan ṣe. Ó dá òkúta náà mọ̀ bí ènìyàn ṣe ń dá ojú ojúlùmọ̀ mọ̀ láàárín ọjà. Irú ìrònú kan nìyẹn, ó yára bí àṣá. Irú kejì ń rìn bí ìgbín: ó ń ka ohun kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ, ó ń fi èyí wé tọ̀hún, ó ń bèèrè ẹ̀rí. Onímọ̀ gidi kò lè ṣe aláìní méjèèjì. Ẹni tí kò bá ní àkọ́kọ́ yóò pẹ́ jù nínú igbó. Ẹni tí kò bá sì ní èkejì yóò máa rí ojúlùmọ̀ lára àlejò.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu ìrírí wà. Ní ọdún 2007, onímọ̀ ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Clare Bond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣe àwòrán abẹ́ ilẹ̀ kan, irú èyí tí a ń fi gbohùngbohùn yà. Nítorí pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dá ilẹ̀ inú àwòrán náà, wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá gbé àwòrán yìí fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àlàyé 412 ni wọ́n rí gbà. Nínú 412 yìí, ìdá 21 nínú 100 péré ni ó mọ irú ìyípadà tí ó bá ilẹ̀ náà. Àwọn kan rí ilẹ̀ tí a fún pọ̀. Àwọn kan rí ilẹ̀ tí a fà ya. Ẹlòmíràn rí òkìtì iyọ̀ tí ń ru sókè láti ìsàlẹ̀. Ohun tí oníkálukú ti kọ́ àti irú ilẹ̀ tí ó ti bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ hàn nínú ohun tí ó rí. Àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wò, ṣùgbọ́n olúkúlùkù gbé ojú tirẹ̀ wá láti ilé.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń fi ìrírí ṣẹ̀sín. Ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn tí ó lo ọ̀nà púpọ̀ láti yẹ àwòrán náà wò ni ó sábà ń gba ọ̀rọ̀ náà. Àkísà àgbà wúlò nígbà tí àgbà bá ń tú gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ó ń nawọ́ mú nígbà gbogbo, àkísà náà ti di ìbòjú.

Ohun Tí A Bá Bèèrè ni Ilẹ̀ Ń Dáhùn

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ní ibi tí a ń pè ní Kambalda. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn awawúrà ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí wúrà tí wọ́n rí tán, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ó di 1954, uranium ni ó kù tí gbogbo ayé ń lé kiri. George Cowcill, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wá kùsà kiri ní agbègbè náà, ṣa òkúta níbẹ̀ nítorí uranium. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá. Ní 1964 ni òkúta ibẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Western Mining, tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò fún níkẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, ẹ̀rọ tí wọ́n fi lu ilẹ̀ kan níkẹ́ẹ̀lì tí ó dára púpọ̀, ìwakùsà níkẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Níkẹ́ẹ̀lì náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn awawúrà. Ó wà nínú àpò ẹni tí ń wá uranium. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bi òkúta pé, "Ǹjẹ́ wúrà wà nínú rẹ?" yóò gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" nípa wúrà nìkan. Òkúta kì í fi ẹnu ara rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kún ìdáhùn.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, a rí irú rẹ̀ tí ó gba ọ̀nà òdìkejì. Ní 1909, àwọn awádìí tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn ń wá fàdákà kiri ní agbègbè Udi. Èédú ilẹ̀ ni wọ́n bá pàdé. Ẹni tí fàdákà bá gba gbogbo ọkàn rẹ̀ ìbá gba ẹ̀gbẹ́ òkúta dúdú náà kọjá. Kitson kò kọjá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tọpasẹ̀ rẹ̀. Ní 1915 a bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní Ogbete, ìlú Enugu sì gbilẹ̀ lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni ó tún rí manganese ní Nsuta ní ilẹ̀ Gánà ní 1914. Mo rò pé ojú tí ó rí èédú níbi tí ó ti ń wá fàdákà ni ó rí èyí náà.

Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìrònú fi ń ṣì wá lọ́nà, ó sì fara sin ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Ní 1974, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì láti Ísírẹ́lì, ròyìn ìdánwò kan. Wọ́n yí àgbá kan tí a kọ nọ́ńbà sí lára lójú àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bi wọ́n pé ìdá mélòó nínú 100 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó jẹ́ ti Áfíríkà. Láàárín àwọn tí àgbá dúró fún lórí 10, ìdáhùn tí ó wà ní àárín méjì ni 25. Láàárín àwọn tí ó dúró fún lórí 65, ó jẹ́ 45. Gbogbo wọn ni ó rí i pé ìyípo àgbá lásán ni. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí kò mọ ohunkóhun nípa Áfíríkà ti so wọ́n mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn: ó lè jẹko díẹ̀ yí ká, ṣùgbọ́n kò lè jìnnà.

Bí àgbá lásán bá lè ṣe èyí, kí ni ohùn ọ̀gá kò ní ṣe? Ní ìpàdé àwọn tí ń wá kùsà, a ní láti pinnu bí ìrètí ṣe pọ̀ tó níbì kan. Bí ọ̀gá bá dìde ní àkọ́kọ́, tí ó ní, "Ní ojú tèmi, ìrètí ibẹ̀ tó ìdá 60 nínú 100," àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó ní 10 lọ́kàn yóò rọra sún un sí 40. Lẹ́yìn náà ni a ó máa sọ pé ohùn gbogbo ènìyàn ṣọ̀kan. Ọgbọ́n tí a fi ń dènà èyí ni pé kí oníkálukú kọ tirẹ̀ sínú ìwé kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ọgbọ́n ààfin ni. Nígbà tí ọba àti àwọn ìjòyè bá jókòó, ọba kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ìjòyè á sọ tiwọn tán, kí kábíyèsí tó fi àṣẹ dé e. Ọ̀rọ̀ tí ọba bá ti sọ, ta ni yóò tún sọ òmíràn lé e?

Àbá Tí Ó Gorí Oyè

Nísinsìnyí a dé ibi tí mo ń lọ. Ní ọdún 1890, Thomas Chrowder Chamberlin, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Wisconsin nígbà náà, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Science. Àròkọ náà wúlò tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn yẹn fi tún un tẹ̀ ní 1965. Ohun tí Chamberlin sọ ni pé, bí ènìyàn bá ti dá àbá kan, kì í pẹ́ tí ó fi ń fẹ́ràn rẹ̀ bí òbí ṣe ń fẹ́ràn ọmọ. Àwa Yorùbá mọ irú ìfẹ́ yìí. A ní ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nínú ilé, ìwà rere ni. Nídìí ìwádìí, ìparun ni.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àbá náà jẹ́ ọmọ ọwọ́, a ń gbé e jó. Lẹ́yìn náà ó dàgbà, a ń fi í yangàn. Níkẹyìn ó gorí oyè, ó di kábíyèsí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rí tí ó bá gbè é ni à ń pè ní ẹ̀rí. Èyí tí ó bá tako ó, a ó wí àwáwí fún un. Bí ihò kan bá mú bàbà díẹ̀ jáde, a ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ bẹ́ẹ̀." Bí ihò mẹ́rin bá jáde lófìfo, a ó ní ẹ̀rọ ni ó yà kúrò lọ́nà, tàbí pé a kò lù ú jìn tó. Àbá tí ihò tí ó lérè gbè, tí ihò tí kò lérè kò sì lè pa, kò sí ohun tí ilẹ̀ lè sọ tí yóò gbọ́.

Oògùn tí Chamberlin júwe ni pé kí ènìyàn bí ọmọ púpọ̀. Kí ó tó lọ sí oko ìwádìí, kí ó ti dá gbogbo àbá tí ó lè ṣàlàyé ohun tí ó rí. Nígbà tí ó bá ti di bàbá gbogbo wọn, yóò ṣòro fún un láti fi gbogbo ilé jìn ẹyọ kan. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Babaláwo kì í kì ẹsẹ Ifá kan ṣoṣo lábẹ́ odù tí ó hù, kí ó sì dìde. Ó ń kì í lọ, títí ẹni tí ó wá dáfá yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu.

Chamberlin kò fi àbùkù ọ̀nà yìí pamọ́. Ó gbà pé ọ̀pọ̀ àbá lè sọ ènìyàn di oníyèméjì, tí kò ní lè pinnu nígbà tí ó yẹ kí ó pinnu. Ẹni tí ó lé eku méjì a máa pòfo. Nítorí náà, yíyan àbá kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí á yẹ̀ sílẹ̀ ni yíyan án kí ilẹ̀ tó ní àǹfààní láti jẹ́rìí.

Bàbà Tí Ó Kọ Àlàyé

Mo fẹ́ fi ìtàn kan gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní gúúsù Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ Western Mining tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń wá bàbà. Roy Woodall ni olórí àwọn tí ń wá a. Nínú wọn ni Douglas Haynes wà, ẹni tí ó ti fi bàbà ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Àbá Haynes ni pé nígbà tí irú òkúta dúdú kan tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde bá ń jẹrà, bàbà inú rẹ̀ a máa ṣàn jáde, a sì lọ kó jọ sínú àpáta mìíràn nítòsí. Nítorí náà, kí á wá ibi tí irú òkúta dúdú bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wọn agbára òòfà àti ìwúwo ilẹ̀ mú ibi tí wọ́n rí wá. Tim O'Driscoll, tí ó ń wo àwọn ìlà gígùn tí ó la ojú ilẹ̀ kọjá, mú tirẹ̀ wá. Ìrònú mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n gbé ka iwájú ara wọn, wọ́n sì yan ibi tí wọ́n ti pàdé. Adágún omi kan tí a gbẹ́ fún ẹran ọ̀sìn wà nítòsí, Olympic Dam ni orúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó bo ohun tí wọ́n ń wá nípọn ju 300 mítà lọ. Kò sí ohun kan lójú ilẹ̀ tí ó lè fi bàbà hàn. Ní 1975 wọ́n lu ihò àkọ́kọ́, wọ́n sì kan bàbà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ohun tí a lè fi la ibi ìwakùsà. Púpọ̀ nínú àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e kò mú ohun tí ó nílàárí wá. Ní ìparí ọdún 1976, ihò kẹwàá la bàbà tí ó nípọn tó 170 mítà kọjá. Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ibi tí bàbà pọ̀ sí jù lọ láyé ni, uranium àti wúrà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1988.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí: òkúta dúdú tí Haynes retí pé òun yóò bá níbẹ̀ kọ́ ni ó gbé bàbà náà. Inú òkúta líle mìíràn tí ó fọ́ yángá-yángá, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, ni bàbà wà. Àbá náà mú wọn dé ibi tí ó yẹ, àlàyé inú rẹ̀ kò sì bá ohun tí wọ́n rí mu. Bí ó bá jẹ́ pé àbá náà ti gorí oyè ni, ìgbà tí wọn kò rí òkúta tí wọ́n retí ni wọn ìbá ti kó ẹrù wọn. Wọ́n jẹ́ kí òkúta tí ó jáde sọ tirẹ̀. Àbá wọn jẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò di adé lórí wọn.

Ìgbà Wo ni Kí Á Dáwọ́ Dúró?

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ọ̀mọ̀wé, bí ihò mẹ́sàn-án bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò dára tó, ta ni yóò mọ̀ pé ẹ̀kẹwàá yóò dára?" Ìbéèrè àgbà ni. Ní Hemlo ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá wúrà láti nǹkan bí 1940 síwájú, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀. Ní 1981, ihò tí onímọ̀ ilẹ̀ David Bell fún ní nọ́ńbà 76 ni ó kan ọrọ̀ náà. Ibùdó ìwakùsà mẹ́ta ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ìtàn yìí dùn, ó sì léwu, nítorí pé gbogbo ẹni tí ń ná owó sórí ilẹ̀ òfìfo ni ó lè máa fi ihò 76 tu ara rẹ̀ nínú. Ìfaradà àti agídí, ìbejì ni wọ́n. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀.

Ohun tí a fi lè dá wọn mọ̀ ni ohun tí a kọ sílẹ̀ kí á tó lu ilẹ̀. Ẹni tí ó ní ìfaradà ti kọ ọ́ pé, "Bí àbá mi bá tọ́, irú òkúta báyìí ni kí n bá ní 200 mítà, bí n kò bá bá a, n óò pa àbá yìí tì, n óò mú òmíràn." Alágídí kò kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ìdí tí òun kò fi gbọdọ̀ dúró, owó tí ó ti ná ni ó sì máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Omi tí ó ti dànù kì í ṣe ìdí tí a fi ń da òmíràn.

Ìtàn epo rọ̀bì wa fi ẹ̀kọ́ díẹ̀ hàn nípa èyí. Láti 1908 títí ogun fi dé ní 1914, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Araromi, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ọ̀dà dúdú tí ń sun jáde lójú ilẹ̀ ni wọ́n tọ̀ lọ síbẹ̀, nítorí ibi tí ojú bá ti rí ni ọkàn ń lọ. Epo tí wọ́n lè tà kò jáde. Nígbà tí ó yá, àwọn Shell D'Arcy dé. Ní 1951 wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn kan ní Iho, nítòsí Owerri, òfìfo ni. Wọn kò jókòó tì í. Wọ́n ń yẹ ibòmíràn wò, wọ́n sì ń sún mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi ìhà gúúsù, títí wọ́n fi kan epo ní Oloibiri ní 1956. Àwọn tí wọ́n bá ọ̀nà yìí dé Oloibiri ni wọ́n yí ayé Nàìjíríà padà, sí rere àti sí búburú.

Ẹ̀kọ́ Tiwa

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dá àbá pé nínú ìlú kan ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn ènìyàn ti fi ọ̀rọ̀ wọn "ulé" sílẹ̀, pé "ilé" bí ti èdè àjùmọ̀lò ni wọ́n ń sọ. Èmi àti ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà kan, mo sì bi í pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, 'ilé' náà ni ẹ ń pè é níhìn-ín, àbí?" Ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, 'ilé' ni." Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ti fẹ́ máa lọ, ìyá kọ ẹnu sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń ṣeré lójúde. "Ulé" ni ó pe ibi tí ó ní kí ọmọ náà wọ̀ lọ. Mo ti ń wá ọ̀nà láti ṣàlàyé rẹ̀ dànù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sí wọn lẹ́nu ni wọ́n dá yín lóhùn." Òótọ́ ni. Èmi ni mo lu ihò sí ibi tí n óò ti rí ohun tí mo fẹ́, ọ̀wọ̀ tí ìyá ní fún àlejò ni ó sì bá mi jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú sí bí a ṣe ń kọ́ni. Nínú púpọ̀ nínú àwọn kíláàsì wa, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ìdáhùn kejì wá, a ó ní kí ó jókòó. A wá ń retí pé nígbà tí ó bá di onímọ̀ ilẹ̀, dókítà, tàbí adájọ́, yóò ṣàdédé mọ bí a ti ń gbé àbá mẹ́ta ka iwájú ara wọn. Igi tí a kò tẹ̀ ní kékeré ni a fẹ́ tẹ̀ nígbà tí ó ti di ìrókò. Chamberlin fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú àròkọ rẹ̀ pé ọ̀nà yìí yẹ fún kíkọ́ ọmọ níwèé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá dé kíláàsì lọ́la, ẹ gbé ohun kan síwájú àwọn ọmọ, ìbáà ṣe òkúta, ewì, tàbí ìtàn ìlú yín. Ẹ ní kí olúkúlùkù kọ àbá méjì sílẹ̀ nípa rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí yóò mú kí ó gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tọ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sọ tiyín gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ yín bá ṣìnà, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un, bí ọmọ yẹn ti sọ fún mi.

Ilẹ̀ Yorùbá ṣì ní ohun púpọ̀ nínú. Ọ̀dà Oǹdó ṣì wà níbẹ̀, wúrà Ìjẹ̀ṣà kò tíì tán. Àwọn tí yóò pinnu ibi tí a ó ti gbẹ́ ilẹ̀ ní 20 ọdún sí i wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé lónìí.